Pátákó Mẹ́rin Àárín

Mi ò ní purọ́, inú máa ń bí mi kíákíá. Ìyá mi, tí í ṣe aránṣọ, sọ pé láti inú oyún ni mo ti ń bínú, pé mo ta ìpá lọ́jọ́ kan, abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ sì gún òun ní àtàǹpàkò. Nítorí náà, mo mọ̀ pé àwọn kan á ní mo bu iyọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ọ tán ná.

Ní ilé ìwé wa, kíláàsì tó bá ń jáde lọ ló máa ń ya àwòrán sí ara ògiri gígùn tó dojú kọ géètì. Bó ṣe wà nìyẹn kí wọ́n tó bí mi. Àwòrán ọdún kan á wà níbẹ̀ títí àwọn tó kàn á fi ya tiwọn. Wọn á wá tú ti àtijọ́, wọn á gbé e lọ kọ́ sínú gbọ̀ngàn, ibẹ̀ ni yóò sì máa wà. Kì í ṣe ògiri gan-an là ń kùn. Iye ọmọ tó bá wà ní kíláàsì ni iye pátákó tí káfíńtà máa gé, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó tábìlì tí a fi ń kọ̀wé. Tiwa jẹ́ mẹ́rìndínlógójì, mẹ́fà lórí mẹ́fà. Ẹnì kan á ya àwòrán kékeré sórí ìwé. Ẹlòmíràn á fi rúlà pín ìwé náà sí ìpín mẹ́rìndínlógójì, á fi sísọ́ọ̀sì gé e, á wá fún olúkúlùkù ní ìpín tirẹ̀, kí ó lọ yà á ní ńlá sórí pátákó. Ẹni tó ya ìwé kò gbọdọ̀ gé e, kò sì gbọdọ̀ pín in, kó má baà di pé ibi tó dùn ló máa kó fún ara rẹ̀ àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ohun tó máa ń ya àlejò lẹ́nu ni pé orí kodò la ti ń yà á. Bí wọ́n bá fún ọ ní ìpín rẹ, wàá yí i kí òkè rẹ̀ di ìsàlẹ̀, wàá yí pátákó náà bákan náà, wàá wá máa da ohun tí ojú rẹ bá rí kọ, ìlà sí ìlà, àwọ̀ sí àwọ̀. Olùkọ́ ọnà wa máa ń sọ pé bí èèyàn bá ti mọ̀ pé imú lòun ń yà, imú tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni yóò yà, kò ní wo èyí tó wà níwájú rẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá ṣe tán á dojú pátákó rẹ̀ kọ ògiri. Nígbà tó bá ku ọ̀la ayẹyẹ ìjáde, káfíńtà nìkan ló máa kàn wọ́n mọ́ra lábẹ́ aṣọ funfun, nọ́ńbà ẹ̀yìn wọn ló sì máa tẹ̀ lé. Títí wọ́n á fi fa aṣọ náà wálẹ̀, kò sẹ́ni tó máa rí odindi àwòrán.

Ní ọdún tiwa, àwòrán tèmi ni kíláàsì mú. Bàbá mi ni mo yà.

Bàbá mi ló ń ṣọ́ géètì ilé ìwé yẹn, ó ti lo ọdún méjìlélógún nídìí rẹ̀. Baba Géètì ni tọmọdé tàgbà ń pè é, àwọn ọmọ kéékèèké kan tiẹ̀ rò pé orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i nìyẹn. Ó mọ ọmọ tí kò jẹun kó tó kúrò nílé, ó mọ èyí tí bàtà ń fún lẹ́sẹ̀, ó sì máa ń ní bírò mẹ́ta lápò nígbà ìdánwò nítorí àwọn tó máa gbàgbé tiwọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tí mo ń sọ yìí, wọ́n kọ lẹ́tà sí i pé géètì oníná tó ń ṣí fúnra rẹ̀ ń bọ̀, pé bí sáà ìkẹ́kọ̀ọ́ bá parí, iṣẹ́ rẹ̀ parí. Ó ká lẹ́tà náà sí mẹ́rin, ó fi sábẹ́ rédíò, kò sì dárúkọ rẹ̀ mọ́ nínú ilé wa.

Èmi ni mo ń gbé e kiri nínú ọkàn mi. Mo ní ó dáa, ẹ lè lé e kúrò nídìí géètì, ṣùgbọ́n ẹ ò ní lé ojú rẹ̀ kúrò lára ògiri. Gbogbo àárọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, ẹni tó bá gba ibi géètì aláìlẹ́mìí yẹn wọlé, òun ló máa kọ́kọ́ rí. Lẹ́yìn ìyẹn, inú gbọ̀ngàn títí ayé. Nígbà tí mo sọ ọ́ ní kíláàsì, wọn ò tiẹ̀ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ dé ìdí tí ọwọ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Rúlà na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

Ọ̀rẹ́ mi ni Rúlà. Láti ìgbà tí a ti jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà ni wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀, torí rúlà kì í kúrò nínú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀, kò sì lè kọ lẹ́tà sí ẹnikẹ́ni láìkọ́kọ́ fa ìlà sí i. Ilé wa ló ti ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán ju tiwọn lọ. Ọmọ méjì ni àwọn òbí mi bí, èmi àti àbúrò mi obìnrin, ṣùgbọ́n bí bàbá mi bá ń ka ọmọ, mẹ́ta ló máa ń kà. Ta ni kíláàsì tún fẹ́ yàn láti fa ìlà, kó gé ìwé, kó sì pín in, bí kò ṣe òun?

Mo ya bàbá mi níbi tó ti ń ti géètì sẹ́yìn, tí àwọn ọmọ ń rọ́ gba abẹ́ apá rẹ̀ wọlé, ọ̀kan lára wọn wà lórí kẹ̀kẹ́. Ojú rẹ̀ bọ́ sí pátákó mẹ́rin àárín. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ di irin géètì mú, ìka àárín sì tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, torí géètì yẹn ló fún un mọ́ òpó lọ́jọ́ tí ìjì ńlá kan jà, lọ́dún tí wọ́n bí mi. Mo fi ìwé náà ṣọwọ́ sí ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ìwé bí a ṣe máa ń ṣe, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i. Láti ibẹ̀ ló ti lọ sọ́wọ́ Rúlà, mi ò sì fojú kàn án mọ́.

Lọ́jọ́ tó pín in, ó pe èmi kẹ́yìn. Ó mú ìwé pélébé náà lé mi lọ́wọ́.

“Ọwọ́ bàbá ẹ nìyí. Ta ni mo tún fẹ́ fún?”

Mo dì mọ́ ọn. Títí dòní, bí mo bá rántí bí mo ṣe dì mọ́ ọn níwájú gbogbo èèyàn, ojú máa ń tì mí.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi ya ọwọ́ yẹn. Mo mọ ohun tí mò ń yà, òfin tàbí kò sófin, orí kodò tàbí òòró gangan. Mo ya èékánná tó ti di dúdú, mo ya àpá tó wà lẹ́yìn àtàǹpàkò, mo ya ìka tó tẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó tẹ̀ bó ṣe yẹ. Ọmọbìnrin tó jókòó lẹ́yìn mi wá tọrọ ọ̀dà dúdú, ó ní tòun ti tán. Mo bù ú fún un. Ó tún padà wá lọ́jọ́ kejì, mo tún bù ú fún un, mo sì kìlọ̀ fún un pé kó má jẹ́ kó gbẹ. Kò wá sí mi lọ́kàn láti bi ara mi pé kí ló ń fi dúdú tó pọ̀ tó yẹn ṣe nínú àwòrán ọkùnrin tí gbogbo orí rẹ̀ ti funfun.

Nílé, mo ti sọ fún bàbá mi pé kò gbọdọ̀ wọ yúnífọ́ọ̀mù lọ́jọ́ ayẹyẹ. Mo kàn ní ohun kan wà tí mo fẹ́ kó rí. Ó ní ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà nídìí géètì. Mo ní káfíńtà ti gbà láti bá a dúró. Ó ní ẹ̀yìn ń dun òun. Mo ní àga máa wà. Ìyá mi wò ó, òun náà wo ìyá mi, ó wá ní ó dáa, òun á wá. Mo rò pé ìtìjú ló ń ṣe é. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ìyá mi lọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀, ó lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tún tú u ká, ó tún un lọ̀.

Èrò pọ̀. Àwọn òbí jókòó sórí àga, àwa kíláàsì àṣekágbá dúró lápá òsì, àwọn ìgbìmọ̀ tó ni ilé ìwé sì wà níwájú pátápátá. Mo fi bàbá mi sí ìlà kejì, níbi tí kò sí orí ẹnikẹ́ni tó máa dí i lójú. Ọ̀gá ilé ìwé sọ̀rọ̀ títí, ó ní ìṣọ̀kan, ó ní ìfọwọ́sowọ́pọ̀, ó ní ọwọ́ mẹ́rìndínlógójì tó di ọwọ́ kan. Olùkọ́ ọnà wá fa okùn, aṣọ bọ́ sílẹ̀.

Géètì wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ wà níbẹ̀, wọ́n ń rọ́ wọlé. Ojú tó wà ní àárín ni ti ọ̀gá ilé ìwé.

Òun gan-an ni, kò ṣeé ṣì mú. Irun orí rẹ̀ tó máa ń kùn ní dúdú, awò ojú rẹ̀ roboto, ẹ̀rín kan tí kò rín sí wa rí láti ọdún mẹ́fà tí a ti mọ̀ ọ́n. Táì wà lọ́rùn rẹ̀. Apá kóòtù rẹ̀ na títí dé irin géètì, níbi tí kóòtù sì parí sí, ọwọ́ bàbá mi ló yọ jáde, pẹ̀lú èékánná dúdú, pẹ̀lú ìka tó tẹ̀. Ọwọ́ tí mo fi ọjọ́ mẹ́sàn-án yà, wọ́n ti so ó mọ́ ọkùnrin mìíràn lára.

Àwọn ẹgbẹ́ mi ń wo ara wọn. Ọmọbìnrin ọ̀dà dúdú fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọ̀kan tó ya ìdajì awò ojú sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun búra, òun rò pé táyà kẹ̀kẹ́ ni, mo sì gbà á gbọ́, torí ní orí kodò, kí ló fẹ́ rò? Àwọn èrò ò mọ nǹkan kan. Wọ́n ń retí ẹni tó máa kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

Bàbá mi ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

Àwọn yòókù tẹ̀ lé e, ariwo sọ. Ọ̀gá ilé ìwé ṣe bí ẹni tí ẹnu yà, ó fi ọwọ́ kan àyà, ó ní kò yẹ kí wọ́n ṣe èyí fún òun. Ó wá sún mọ́ àwòrán náà, ó wò ó dáadáa, ó yí sí àwọn ìgbìmọ̀, ó ní ọwọ́ yìí nìkan ló wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọdé ni wọ́n, wọ́n ṣì ń kọ́ ọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo fi ojú wá Rúlà, mi ò rí i láàárín wa mọ́.

Ibi ẹ̀rọ omi lẹ́yìn kíláàsì ọnà ni mo ti bá a, ó ń fọ búrọ́ọ̀ṣì tí kò sẹ́ni tó ní kó fọ̀. Mi ò kí i. Mo gbé bàsíà tó wà nílẹ̀, mo da omi ọ̀dà inú rẹ̀ lé e lórí. Kò sá. Kò tiẹ̀ nu ojú.

Mo bi í pé kí ni ọ̀gá fún un. Ó ní kò fún òun ní nǹkan kan. Mo ní irọ́ ni, mo ní èèyàn kì í dalẹ̀ ọ̀rẹ́ lásán, pé ó kéré tán ó yẹ kí n mọ iye tí ojú bàbá mi jẹ́. Mo sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀ tí mi ò lè tún sọ níbí. Mo ní oúnjẹ ilé wa tó ti jẹ, yóò dí i lọ́fun. Ó jẹ́ kí n sọ gbogbo rẹ̀ tán, omi aláwọ̀ búlúù ń kán láti irun rẹ̀ sórí bàtà.

“Lọ bi bàbá ẹ,” ó ní.

“Kí ni mo fẹ́ bi wọ́n?”

“Àwọn ni wọ́n wá bá mi. Wọ́n ní kí n pa gbogbo ẹ̀ rẹ́. Mi ò lè pa gbogbo ẹ̀ rẹ́, mo fi ọwọ́ sílẹ̀ fún ẹ.”

Ó wá sọ ọ́, ó ń sunkún, ó sì ń sọ ọ́. Ọ̀gá rí àwòrán mi nígbà tó fẹ́ lu òǹtẹ̀. Kò pè mí. Bàbá mi ló pè, ó sì mọ ohun tó ń ṣe. Lọ́jọ́ kejì, bàbá mi lọ sílé àwọn Rúlà, ó jókòó ní etí àga, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó tún àwọn ìpín kan yà ní àwòrán ọ̀gá kó tó gé e, pé kò gbọdọ̀ sọ fún mi. Rúlà ní òun kọ̀. Bàbá mi ní, ṣé òun kì í ṣe bàbá rẹ̀ ni? Lẹ́yìn ìyẹn ni Rúlà gbà.

Mo fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n ní bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Mo ti ń fi èébú lé tòde kiri láti àárọ̀.

Nígbà tí mo délé, àbúrò mi ń ta okùn fò níta, kò mọ nǹkan kan. Ìyá mi wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń rán nǹkan láìwo ojú mi. Bàbá mi jókòó sórí ibùsùn, ó ń tú bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì funfun náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá.

“Ó ti tó ìgbà wo tí ẹ ti mọ̀?”

“Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.”

Mo yíjú sí ìyá mi. Ẹ̀rọ dúró. Ó ní, “Adìyẹ ló bà lókùn, ọmọ mi. Ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ.” Ẹ̀rọ tún bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe yé mi pé òun náà mọ̀, pé ó mọ̀ nígbà tó ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì yẹn lẹ́ẹ̀kejì.

Bàbá mi ṣàlàyé rẹ̀ jẹ́jẹ́, bó ṣe máa ń ṣàlàyé fún àwọn òbí pé ọmọ wọn pẹ́ dé. Ọ̀gá ní àwọn ìgbìmọ̀ fẹ́ yan ẹni tó máa wà lórí àga rẹ̀ fún ọdún márùn-ún tó ń bọ̀, pé ó máa dára bí wọ́n bá rí i pé àwọn ọmọ fẹ́ràn òun. Bí wọ́n bá rí i, òun á wà níbẹ̀ láti sún géètì oníná yẹn síwájú ní ọdún mẹ́rin. Ọdún mẹ́rin ló kù kí àbúrò mi jáde. Ọmọ òṣìṣẹ́ kì í sanwó ní ilé ìwé yẹn, ọmọ ẹni tí wọ́n lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ sì kọ́ ni ọmọ òṣìṣẹ́.

“Ojú mi lára ògiri ò lè rán an níléèwé,” ó ní.

Mi ò ronú nípa àbúrò mi rí. Ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀ tí mo fi ń ṣe akọni kiri, kò wá sí mi lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan. Ó yẹ kí ìyẹn pa iná tó wà láyà mi. Ṣe ló da epo sí i.

“Kí ló dé tí ẹ lọ bá Rúlà? Bí ẹ bá sọ fún mi, èmi fúnra mi ni ǹ bá pa yín rẹ́. Ẹ mọ̀ pé ǹ bá ṣe é.”

“Mo mọ̀.” Ó tú bọ́tìnnì tó kẹ́yìn. “Mo mọ̀ pé wàá ṣe é. Ìyẹn gan-an ni mi ò fẹ́ fojú rí.”

Mo dúró síbẹ̀. Ẹlòmíràn ì bá sunkún, ì bá dì mọ́ bàbá rẹ̀. Mo ti sọ fún yín bí mo ṣe rí.

“Ẹ ò fẹ́ fojú rí tiyín,” mo ní. “Ẹ wá jẹ́ kí n fojú rí tèmi níwájú gbogbo èèyàn. Ẹ sì pàtẹ́wọ́ sí i.”

Ẹ̀rọ ìyá mi tún dúró, lọ́tẹ̀ yìí kò bẹ̀rẹ̀ mọ́. Bàbá mi wo ilẹ̀, ó wo mí, ojú rẹ̀ pọ́n. Mo dúró de ohun tó máa sọ. Bó bá ní kí n má bínú, mo lè dárí jì í. Bó bá ní kí n pa ẹnu mi mọ́, mo lè bá a jà.

Ó gbé ṣẹ́ẹ̀tì funfun náà kọ́, ó sì fa yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀ wá láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó ní àwọn àlejò ọ̀gá á ti máa fẹ́ lọ, káfíńtà ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí géètì yẹn, ó máa ń há. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó lọ ṣí i fún wọn.